Etí Tó Wà Lójú Pátákó

Ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́: ọkùnrin tó ya fọ́tò etí ara rẹ̀, tó sì gbé e sójú pátákó mọ́kànlélógójì káàkiri àdúgbò, kì í gbọ́ ohun tí èèyàn bá ń bá a sọ.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi o. Etí náà dára lóòótọ́. Ó tóbi níwọ̀n, ó sùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí bó ṣe yẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yípo bí ọwọ́ ife tanganran. Ayàwòrán tí iléeṣẹ́ háyà kọ́kọ́ mú àwòrán etí mẹ́fà wá kí ọ̀gá fi yan ọ̀kan. Ọ̀gá ní èkíní dà bí etí ẹni tí tíṣà ń fà, ó ní èkejì jọ ti ẹni tó ń ṣòfófó, ó sì ní àwọn yòókù kò ní àpọ́nlé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ orí sí ayàwòrán, ó ní, "Ṣé irú èyí ni kò sí?" Ayàwòrán tí ebi ọ̀sán ti ń pa dáhùn pé, "Ọ̀gá, òun gan-an ni mo ti ń wá láti àárọ̀."

Báyìí ni etí ṣe dé ojú pátákó, báyìí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe sọ ọ̀gá ní Elétí. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, kò dájú pé yóò gbọ́.

Iléeṣẹ́ tó ń pa aṣọ láró ni iléeṣẹ́ wọn. Aṣọ iléèwé, aṣọ iṣẹ́, ṣòkòtò tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ jókòó sórí ilẹ̀, funfun ni gbogbo rẹ̀ ń wọ ibẹ̀, búlúù ló ń jáde. Omi tí wọ́n bá lò tán máa ń sinmi nínú kòtò ńlá oníṣìmẹ́ńtì kan, lẹ́yìn náà á wá gba ojú gọ́tà kọjá lẹ́yìn ilé àwọn aládùúgbò. Láyé ìjọ́sí, kò sẹ́ni tó ń bi iléeṣẹ́ léèrè ibi tí omi rẹ̀ ń lọ. Ayé wá yí padà. Àwọn oníbàárà ńláńlá tó wà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà: báwo lẹ ṣe ń bá aládùúgbò yín gbé? Kí lẹ ń ṣe kí ilẹ̀ àti omi lè kù fún ọmọ ọmọ? Bí ẹ bá ṣẹ èèyàn, ta ni onítọ̀hún máa sọ ọ́ fún?

Elétí, ọ̀gá ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀, ló dá wọn lóhùn. Ó kọ ìwé olójú ewé ọgbọ̀n. Ó ní iléeṣẹ́ tí kò bá gbọ́ igbe aládùúgbò rẹ̀ kò lè mọ ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní ìbánisọ̀rọ̀ ni afárá tí ìwà ọmọlúàbí ń gbà kọjá láti ọ́fíìsì dé ẹ̀yìnkùlé. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó kọ. Ẹni tó bá ka ìwé náà láàárọ̀ yóò ti fẹ́ máa ṣoore kó tó di ọ̀sán. Ọ̀gá Àgbà ka ojú ewé méjì, ó wo iye tó kù, ó fọwọ́ sí i. Ni wọ́n bá dá ẹ̀rọ ìpè kan sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, wọ́n pè é ní Etí Wa Ṣí Sílẹ̀.

Ó ku nọ́ńbà tí wọn yóò máa pè.

Ẹ jẹ́ kí á sọ bí wọ́n ṣe ń gbé nínú ọgbà yẹn. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ló ní fóònù, fóònù kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, oníka mẹ́rin. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Ọkùnrin tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ fẹ́ ìyàwó láti ẹ̀ka ìwé owó, ó di ọdún kejì ìgbéyàwó kó tó jáwọ́ nínú pípè é ní "mẹ́rin-méjì-òdo-mẹ́ta." Ẹni bá ti pẹ́ níbẹ̀ kì í rántí mọ́ pé àwọn ará ìta ń fi nọ́ńbà gígùn pe ara wọn. Elétí ti lo ọdún méjìlélógún níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ aláró kejì tó wà ní ìkángun ìlú ti ní ẹ̀rọ ìpè tiwọn ṣáájú. Nọ́ńbà wọn gùn bí ìwàásù. Elétí fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pe Bàbá Wáyà, àgbàlagbà tó ń tọ́jú gbogbo wáyà àti fóònù inú ọgbà.

"Bàbá Wáyà, ẹ fún mi ní nọ́ńbà tó kúrú. Èyí tí ọmọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí kò ní gbàgbé mọ́."

"Ó ku ọ̀kan, sà. Mẹ́rin-mẹ́rin-ọ̀kan-méje. Tábìlì tó wà létí fèrèsé ni."

"Mẹ́rin-mẹ́rin-ọ̀kan-méje." Elétí dijú, ó ń tọ́ ọ wò bí ẹni tí wọ́n bu ọbẹ̀ sí lọ́wọ́. "Àbí ẹ ò rí nǹkan. Ó fẹ́ẹ̀ máa kọrin fúnra rẹ̀."

"Ó ń kọrin, sà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lórí ẹ̀ tó yẹ kí n..."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá Wáyà. Iléeṣẹ́ tó ní ètò là ń ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

Bàbá Wáyà kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà dé inú apẹ̀rẹ̀ ìwé tó wà lórí tábìlì Elétí, ìwé ìròyìn iléeṣẹ́ sì bọ́ lé e lórí, èyí tí wọ́n ya àwòrán etí sí lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ ìpè náà, ayàwòrán dúró, Ọ̀gá Àgbà dúró, Elétí jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó gbé fóònù, ó tẹ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkọ̀ọ̀kan kí kámẹ́rà lè rí ìka rẹ̀. Lẹ́yìn ògiri, fóònù dún. Akọ̀wé obìnrin tí wọ́n yàn sídìí rẹ̀ gbé e, ó ní, "Etí wa ṣí sílẹ̀, ẹ kú àárọ̀ o." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, orin rẹ̀ gba rédíò kan, ọmọdé ń fi nọ́ńbà náà fo okùn, pátákó mọ́kànlélógójì yọ láàárín ilé àwọn èèyàn bí olú. Akọ̀wé sì jókòó ti fóònù létí fèrèsé.

Kò dún mọ́.

Lóṣù kìíní, ọkàn Elétí kò balẹ̀. Lóṣù kejì, ó rán ẹnì kan lọ wò ó bóyá pátákó ṣì dúró, ó dúró. Lóṣù kẹta ló wá lóye rẹ̀. Ẹni tí kò bá pariwo, nǹkan kan kò dùn ún nìyẹn. Àwọn baba wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Elétí gba gbólóhùn náà lọ́wọ́ wọn, ó tún un rán, ó ní ẹni tó bá dákẹ́, ó ti yó nìyẹn. Ó sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn oníléeṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Akọ̀wé ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hun súwẹ́tà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrìnlá, ó ti hun mẹ́fà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ fìlà.

Iléeṣẹ́ kejì gbé ìròyìn tiwọn jáde: ìfisùn ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínlógún ló wọlé lọ́dún kan, wọ́n sì ti yanjú ọ̀ọ́dúnrún nínú rẹ̀. Àánú wọn ṣe Elétí.

"Òdo ni tiwa, sà," ló sọ fún Ọ̀gá Àgbà.

"Òdo pátápátá?"

"Òdo roboto, sà. Bí ẹyin."

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní tí àmì ẹ̀yẹ Iléeṣẹ́ Tó Ń Gbọ́ Ti Aládùúgbò bá lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́dún yìí, a jẹ́ pé àga kẹsàn-án ti rí ẹni jókòó lé e. Gbogbo ọgbà ló mọ àga kẹsàn-án. Olùdarí mẹ́jọ ló wà, àga mẹ́sàn-án ló yí tábìlì ìgbìmọ̀ wọn ká, ìkẹsàn-án sì ti ṣófo láti ìgbà tí ẹni tó ni ín ti fẹ̀yìn tì. Awọ dúdú ni wọ́n fi bò ó, ó sì ń yí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n gbálẹ̀ tán, tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Elétí ti jókòó lé e wò. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan sọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀kan sósì. Ó bá a mu.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí olùyẹ̀wò àmì ẹ̀yẹ náà máa dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yà sílé rẹ̀ lọ́sàn-án Sunday. Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí, ẹ̀yìn iléeṣẹ́ gan-an ló ń gbé, ìtòsí gọ́tà. Ìyá kan náà ló bí wọn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣe ẹwà. Ó máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ bó ṣe rí ni. Lọ́jọ́ náà, aṣọ ìbùsùn kan ló tẹ́ sórí tábìlì ìjẹun.

"Ọmọ ìyá mi, wo aṣọ yìí."

"Ó rẹwà, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọ̀ ojú sánmà."

"Funfun ni wọ́n gbé e fún mi."

Elétí tún aṣọ náà wò. Ó rántí pé ẹran wà nínú ọbẹ̀ òun, ó ń wá a kiri pẹ̀lú ṣíbí.

"Hòtẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ fún mi ti ní èyí ni ìkìlọ̀ kẹta," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ọgọ́ta aṣọ ìbùsùn lọ́sẹ̀, ọmọ ìyá mi. Omi yín ti jò wọ kànga mi. Mo fa omi láàárọ̀, bíi pé mo fa yíǹkì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọdọ̀ bá mi sọ ọ́ nílé. Ọ̀nà wà fún un. Tí mo bá ń gba ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi nídìí ọbẹ̀, wọ́n á ní ojúsàájú ni mò ń ṣe. Ẹ pe nọ́ńbà."

"Mo ti pè é."

"Ẹ tún un pè."

"Mo ní mo ti pè é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Obìnrin kan ló máa ń..."

"Ẹ rí i? Obìnrin yẹn dáa. Ó mọ èèyàn í dá lóhùn."

"Obìnrin inú fóònù ni mò ń wí. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé..."

"Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi fúnra mi ni mo yàn án. Ó ti jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá láìpa ibiṣẹ́ jẹ."

Ẹ̀gbọ́n fa aṣọ náà kúrò lórí tábìlì. Ó ká aṣọ rẹ̀, igun sí igun, bí ẹni tó ti fi ogún ọdún ká aṣọ.

"Ìyá wa máa ń fi òwú tu etí rẹ ní kékeré," ló wí. "Ó jọ pé ó dáwọ́ dúró yá jù. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ ìyá mi. Kì í ṣe ojú pátákó."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ni Elétí wí, nítorí ó gbọ́ "pátákó," ó sì rò pé wọ́n ń yìn ín.

Olùyẹ̀wò dé lọ́jọ́ Tuesday. Elétí ti ń retí ọkùnrin gíga kan tó máa wọ kóòtù. Obìnrin kúkúrú ló sọ̀ kalẹ̀, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, ìwé àjákọ ọmọ iléèwé lọ́wọ́. Ọ̀gá iléèwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ń wo èèyàn bí ìgbà tónítọ̀hún bá ní òun gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá sílé. Wọ́n ń pè é ní Màmá Olùyẹ̀wò.

Wọ́n mú un wọ yàrá ìgbìmọ̀, níbi tí àga kẹsàn-án wà. Fídíò bẹ̀rẹ̀. Etí yọ nínú òkùnkùn, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ayé. Ohùn Elétí fúnra rẹ̀ ń sọ nínú rẹ̀ pé aládùúgbò ni dígí tí iléeṣẹ́ fi ń wo ojú ara rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà aláwọ̀ mèremère yọ, wọ́n dúró lórí òdo ńlá kan.

Màmá Olùyẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Òdo yìí," ó ní, "ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́?"

Ìbéèrè tí Elétí ti ń gbàdúrà fún láti oṣù mẹ́rìnlá nìyí. Ó fa fóònù orí tábìlì ìgbìmọ̀ súnmọ́ra. Mẹ́rin. Mẹ́rin. Ọ̀kan. Méje. Kò tíì gbé ìka kúrò nígbà tí ohùn akọ̀wé dáhùn, ketekete, "Etí wa ṣí sílẹ̀, ẹ kú àárọ̀ o."

Ọ̀gá Àgbà wo Elétí, ó sì wo àga kẹsàn-án, ó mi orí díẹ̀. Elétí rí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ojú rẹ̀ kò ríran.

"Ó dáa," ni Màmá Olùyẹ̀wò wí. "Mo fẹ́ rí pátákó kan."

"Ẹ ti rí i nínú fídíò, mà."

"Mo ti rí i nínú fídíò. Mo wá fẹ́ rí i."

Wọ́n jáde, àwọn mẹ́ta: Màmá Olùyẹ̀wò, Ọ̀gá Àgbà, Elétí. Bàbá Wáyà wà lórí àkàbà lẹ́nu géètì, ó ń so wáyà kan tó já. Elétí ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó wá bá wọn gbé agbòòrùn, kí oòrùn má pa àlejò. Pátákó tó súnmọ́ jù wà lẹ́yìn ọgbà, létí gọ́tà, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Etí náà ga ju ènìyàn méjì lọ. Lábẹ́ rẹ̀, okùn kan gùn láti òpó pátákó dé igun ilé, aṣọ ìbùsùn sì ń fẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn ní àwọ̀ ojú sánmà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sá wọn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí àwọn àlejò, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá Olùyẹ̀wò wí. "Ṣé ẹ mọ nọ́ńbà tó wà lókè yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n ju ọjọ́ ìbí mi lọ, mà."

"Ṣé ẹ ti pè é rí?"

"Á tó ìgbà ogójì."

Elétí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Ìyá kan náà. Wọ́n fẹ́ràn àwàdà. Nínú ìwé wa, òdo ni, ẹ rí i fúnra yín."

"Mo rí i." Màmá Olùyẹ̀wò ti fa fóònù alágbèéká rẹ̀ yọ. Ó wo òkè, ó ń tẹ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ etí níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣàdàkọ láti ojú pátákó ìkọ̀wé. Ó sọ ọ́ di èyí tí gbogbo wọn lè gbọ́. Ohùn obìnrin kan dáhùn, ó mọ́, kò sì yára:

"Nọ́ńbà tí ẹ pè yìí kò pé. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó tún un pè."

"Obìnrin yẹn nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì fi pẹ́ẹ̀gì kan há aṣọ. "Mo ti mọ ohùn rẹ̀. A ti di ọ̀rẹ́."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà," ni Elétí sáré wí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì apá ibí yìí kì í dúró. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi pè é." Ó fi tirẹ̀ pè é. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún un pè. Obìnrin náà kò bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

"Bàbá Wáyà," ni Elétí wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "kí ló ṣe fóònù yìí?"

Bàbá Wáyà gbé agbòòrùn láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ọjọ́ náà nìkan ni ọ̀gá bi í ní ìbéèrè tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, sà. Nọ́ńbà orí tábìlì ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín nígbà náà. Inú ọgbà nìkan ló ti ń dún, kì í kọjá géètì."

Màmá Olùyẹ̀wò ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó wá ojú ewé tó kan.

"Pátákó mélòó lẹ ní ó wà nínú ọgbà?" ló béèrè.

"Kò sí ìkankan, mà," ni Bàbá Wáyà wí. "Ìta ni gbogbo wọn wà."